Kàlíńbà £19 àti kíìtì kuroṣé £15: mo lo wíńtà kan gbáko pẹ̀lú wọn, ẹ wá gbọ́ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rà

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará ilé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun bíi tèmi. Aberdeen ni mò ń gbé, ìlú etí òkun kan ní àríwá Scotland, òkúta granite ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú ilé ìgboro wọn, tí òjò bá ti pa á tán gbogbo ìlú á dà bí eérú tó rin. Ní December oòrùn kì í yọ títí aago mẹ́sàn-án á fi kù díẹ̀, tó bá sì fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ó ti wọ̀ nìyẹn. Ọmọ mi á ti skúùlù dé, kó tó bọ́ bàtà tán ilẹ̀ ti ṣú biribiri. Bàbá wọn sì ń ṣiṣẹ́ lórí omi níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń lò kó tó wálé, torí náà láti ìrọ̀lẹ́ títí di àsìkò oorun, èmi àti àwọn ọmọ méjì la jọ máa ń wà, àwa àti híìtà tí èèyàn ò lè tàn bó ṣe wù ú nítorí bíìlì.

Wíńtà àkọ́kọ́ tá a lò níbí, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n la fi lò ó, mi ò ní purọ́ fún yín, ó le fún mi. Orí mi máa ń wúwo, á rẹ̀ mí láìṣe iṣẹ́ kankan, àwọn ọmọ ò ní fẹ́ sùn, èmi gan-an oorun ò ní kùn mí. Nígbà tí ìkejì ń bọ̀ ni mo pinnu pé tọdún yìí, ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ rí nǹkan ṣe. Nǹkan méjì ni mo rà: kàlíńbà, ohun èlò orin kékeré onírin tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò ta, àti kíìtì kuroṣé, ìyẹn wúlù àti pín tó tẹ̀ lẹ́nu tí wọ́n fi ń hun nǹkan. Mo wá rí i pé àwọn èèyàn wa máa ń béèrè kí wọ́n tó rà, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ bó ṣe rí fún wọn, wọn ò sì lè mọ nǹkan tó wà nínú kàlíńbà fún ọmọ Yorùbá. Èmi ti rí i, òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí.

Ẹni tó fi kàlíńbà hàn mí, obìnrin ará Zimbabwe ni, a jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Tó bá ní iṣẹ́ òru ó máa ń mú un dání. Bàbá arúgbó kan wà tí kì í sùn, obìnrin yìí á jókòó tì í, á máa fi àtàǹpàkò méjèèjì ta á jẹ́jẹ́, bàbá náà á kàn máa wò ó títí oorun á fi gbé e lọ. Mo bi í pé kí lèyí, ó ní ọmọ ni, pé ìyá rẹ̀ ni mbira, tí àwọn Shona máa fi ń pe àwọn baba ńlá wọn níbi ètùtù. Mo lọ kà nípa rẹ̀. Òótọ́ ni, UNESCO ti kọ mbira àti sansi, ti Zimbabwe àti Malawi, mọ́ àwọn àṣà tó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú, ní 2020 nìyẹn. Ẹni tó sọ ọ́ di kékeré tó sì fún un lóhùn bíi ti dùùrù òyìnbó ni Hugh Tracey, òyìnbó kan tó ń lọ káàkiri gúúsù Áfíríkà tó ń gba orin wọn sílẹ̀, láàárín ọdún 1950 sí 1960 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn ará òkèèrè ní orúkọ kalimba. Gbogbo èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, àtọ̀dọ̀ ìyẹn ló ti ń bọ̀.

Èyí tí mo rà, £19, onírin 17 ni. Àpótí igi kékeré kan báyìí, kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ, ihò kan níwájú, ihò méjì kéékèèké lẹ́yìn. Àpò aláṣọ wà pẹ̀lú rẹ̀, òòlù kékeré kan tí wọ́n fi ń tún ohùn rẹ̀ ṣe, sítíkà, àti ìwé pélébé tí wọ́n kọ nọ́ńbà orin sí. Ẹ má ra èyí tí irin rẹ̀ kéré ju 17 lọ o, mo rí onírin 8 àti onírin 10 tí owó wọn ò jìnnà sí èyí, ọmọ á fi ṣeré fún ọjọ́ méjì, á sú u. Ẹ tún má jẹ́ kí wọ́n fi dígí tàbí rọ́bà tó ń dán fà yín lójú. Onígi tó ní ihò nínú ló máa ń dún síta dáadáa, tí igi bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo tí kò ní ihò nínú, kì í ké sókè tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n àwọn irin tó wà ní ìpẹ̀kun máa ń dún mọ́ ju ti alápòótí lọ. Èmi fẹ́ kó ké, alápòótí ni mo mú.

Ọjọ́ tó dé, ohùn rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló máa ń yẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ lọ gba áàpù túnà ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù, ẹ gbé e síwájú, ẹ ta irin kan, á sọ bóyá ohùn náà lọ sókè jù tàbí ó wálẹ̀ jù. Tó bá wálẹ̀ jù, ẹ fi òòlù yẹn gbá irin náà wọlé díẹ̀ kí ibi tó ń gbọ̀n lè kúrú, ohùn á gòkè. Tó bá ga jù, ẹ gbá a jáde kó gùn sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni o, bí ẹni ń kan ìṣó sí dígí. Ó gbà mí tó wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní báyìí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Irin kan wà tó ń kùn bí eṣinṣin, mo ti fẹ́ẹ́ dá a padà kí ọ̀rẹ́ mi tó ní kí n ká ìwé pélébé kan sábẹ́ rẹ̀ ní ìdí, bó ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tọ́rọ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mo ń tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n fi sínú páálí, orin ọjọ́ ìbí, orin kérésì, orin àwọn ọmọdé òyìnbó. Ó dùn, ṣùgbọ́n kò wọ inú mi. Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kàn ń ta àwọn irin mẹ́ta àárín, láìronú ohunkóhun. Ṣé ẹ rí i, irin tó gùn jù ló wà ní àárín gbùngbùn, dò nìyẹn. Èyí tó kàn án lápá òsì, re ni. Èyí tó kàn án lápá ọ̀tún, mí ni. Mo ta àárín, mo ta òsì, mo ta ọ̀tún, dò re mí, ni mo bá gbọ́ tí ó pe ọmọ mi. Àjọkẹ́! Oríkì ọmọ mi obìnrin ni, ìyá mi ló fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. À, dò. Jọ, re. Kẹ́, mí. Mo tún un ta, Àjọkẹ́, Àjọkẹ́. Ara mi bù máṣọ.

Ṣé ẹ̀yin náà rántí bí tíṣà ṣe kọ́ wa ní àmì ohùn ní pírámárì, dò re mí, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè? Àwọn tó ṣe kàlíńbà ò mọ èdè wa rárá, ṣùgbọ́n ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n tò sí àárín igi yẹn, lábẹ́ àtàǹpàkò, ibi tó rọrùn jù lọ láti tẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni Àjọkẹ́ mi, ibí ló ti bẹ̀rẹ̀ skúùlù, ó ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó bá ń sọ ọ́ ohùn rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, igbá, ìgbà, igba, bákan náà ló ń pe gbogbo ẹ̀. Mo ti ṣàlàyé títí, mo ti bínú rí, kò yé e. Lálẹ́ ọjọ́ kejì mo gbé kàlíńbà fún un, mo ní ta òsì lẹ́ẹ̀mejì: igba, ọgọ́rùn-ún méjì nìyẹn. Ta òsì, kó o ta ọ̀tún: igbá, èyí tá a fi ń bu omi. Ta àárín lẹ́ẹ̀mejì: ìgbà, àsìkò. Ta òsì kó o ta àárín: igbà, èyí tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ó wò mí, ó tún un ta, ó tún un ta, ló bá ní "mummy, orin ni wọ́n!" Ẹ ẹ̀ rí i, ọ̀rọ̀ kan tó wọ orí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá ọ̀nà láti sọ ọ́.

Ló bá di eré ilé wa. Ẹnì kan á ta á, ẹnì kejì á sọ èyí tó jẹ́. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin náà ń ṣe é. Ní Saturday kan a pe màámi ní Ìṣẹ́yìn lórí WhatsApp, wákàtí kan ni wọ́n fi ṣíwájú wa nígbà wíńtà, Àjọkẹ́ ta ọ̀rọ̀ kan fún wọn ó ní kí wọ́n sọ ọ́. Màámi dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ọkọ́ ni. Ọmọ ní rárá, igbá ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá là á yé e pé ohùn kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní, pé ìdí nìyẹn tí àyàn ò fi ń fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ̀rọ̀, ó máa ń fi gbólóhùn gùn ún ni, kí etí ẹni tó ń gbọ́ lè rí ibi dì mú. Ọ̀rọ̀ ńlá mà nìyẹn o, tí ẹnì kankan ò sọ fún mi rí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ ti lọ kọ́ ọ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe gbé fóònù ló bẹ̀rẹ̀: re mí dò mí dò, ó sinmi díẹ̀, dò mí dò dò. Ẹ káàárọ̀, ìyá àgbà. Màámi ò tiẹ̀ jẹ́ kó tún un ta tí wọ́n fi dá a lóhùn, "káàárọ̀ o, Àjọkẹ́ mi, ṣé dáadáa lẹ jí?"

Èmi náà wá rántí agídìgbo. Tí ẹ bá ti gbọ́ àpàlà àtijọ́ dáadáa, ẹ máa mọ ohùn rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn tó ń dún gbì-ọ́n gbì-ọ́n lábẹ́ ìlù, ó wà nínú ẹgbẹ́ Haruna Ishola. Fatai Rolling Dollar tó kú ní 2013 náà, agídìgbo wà lára nǹkan tó fi gba orúkọ kí gìtá tó bò ó mọ́lẹ̀, inú ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́ kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Àpótí ńlá ni agídìgbo, irin rẹ̀ ò pọ̀, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á máa fi ọwọ́ kan ta irin, wọ́n á máa fi ìkejì gbá ara igi. Ní Cuba irú rẹ̀ tóbi débi pé orí rẹ̀ lẹni tó ń lù ú máa ń jókòó sí, marímbula ni wọ́n ń pè é. Àwọn àgbà wa ní bí òwe bí òwe là ń lùlù agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò ronú kàn án rí pé ohun èlò tó ní irin tó ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bá wí.

Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kàlíńbà yín dún bíi tilé, ẹ ṣe báyìí: nínú irin 17 yẹn ẹ fi fà àti tì sílẹ̀, ìyẹn ohùn 4 àti 7, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Irin mẹ́rin péré ni: ìkejì àti ìkeje sí àárín lápá òsì, ìkẹta àti ìkarùn-ún lápá ọ̀tún. Mo fi bébà pupa lẹ̀ wọ́n. Mẹ́tàlá tó kù, bó ṣe wù yín kẹ́ ẹ ta wọ́n kò ní ṣì yín lọ́nà, torí ohùn márùn-ún tó kù, dò re mí sò là, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìbílẹ̀ wa ń rìn lé. Mo tún gbìyànjú orin ìyìn inú ìwé orin ìjọ, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tó máa ń dà mí láàmú láti ọmọdé: ohùn orin òyìnbó máa ń gba ọ̀tún nígbà tí ọ̀rọ̀ Yorùbá ń gba òsì, ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wálẹ̀ á gòkè, ìtumọ̀ á sì yí. Ìyẹn náà ló jẹ́ kí Ekundayo Phillips, tó ta dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, máa ṣe orin tó tẹ̀ lé ohùn èdè wa. Ẹ ta orin kan tí Yorùbá fúnra wọn ṣe, kẹ́ ẹ wá ta èyí tí wọ́n túmọ̀, àtàǹpàkò yín á fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn yín.

Àbùkù rẹ̀ wà o, mi ò ní bò ó. Irin méjì méjì tó wà ní ìpẹ̀kun lápá ọ̀tún àti lápá òsì kì í dún dáadáa, bí ẹni ń kan igi ni, ohun tí mò ń sọ nípa alápòótí lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Àtàǹpàkò á dun yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ti èmi lé ròrò, tí ẹ bá dá èékánná sí díẹ̀ ó máa ń dín in kù. Sítíkà tí wọ́n fún wa ti bọ́ kí oṣù kan tó pé. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò lè mú ohùn yọ̀. Yorùbá kì í kàn fò láti òkè sí ìsàlẹ̀, ohùn wa máa ń yọ̀ wálẹ̀, dùndún lè ṣe é torí àyàn á fún awọ, á tú u, ṣùgbọ́n irin kàlíńbà ibi tó wà ló wà. Ihò méjì ẹ̀yìn yẹn, tẹ́ ẹ bá ń fi ìka bò ó tẹ́ ẹ ń ṣí i, ohùn á máa mì wọ́ọ̀wọ́ọ̀, ó dára létí, kì í kàn ṣe yíyọ̀ ni. Àǹfààní rẹ̀ míì ni pé kò pariwo. Inú fúlááàtì là ń gbé, ẹnì kan wà lókè wa, ẹnì kan wà nísàlẹ̀, mo lè ta á ní aago mẹ́wàá alẹ́ kí ẹnikẹ́ni má kanlẹ̀kùn.

Kíìtì kuroṣé wá ńkọ́? Ẹ má rà á. Ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, mi ò ní dárúkọ wọn, £15, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ti ẹni tí kò ṣe é rí ni, pé a máa hun pẹngúìnì kékeré kan ní alẹ́ kan. Àkọ́kọ́, wúlù dúdú ni wọ́n kó sí i. Ẹni tí kò mọ kuroṣé rí, tó ń hun nǹkan lábẹ́ gílóòbù ní wíńtà, ẹ wá fún un ní wúlù dúdú, ojú ihò wo ló fẹ́ rí? Wúlù náà tún ń ya sí wẹ́wẹ́ lẹ́nu pín. Ìkejì, òrùka àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ìka ká, ọ̀kan nínú àwọn tó le jù fún ẹni tó ń kọ́ ni. Ìkẹta ló gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi èyí sọ́kàn: orúkọ tí àwọn ará Britain ń pe sítíìṣì, ìyẹn oríṣi ojú híhun, yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Double crochet ti Britain, single crochet ni Amẹ́ríkà ń pè é. Treble ti Britain, òun ni double crochet ti Amẹ́ríkà. Ìwé inú kíìtì yẹn ò sọ èyí tó ń lò, mo ń wo fídíò ẹlòmíì láti kọ́ ọ, nǹkan tí mo hun wá fẹ̀ gbàgàdà, òwú inú rẹ̀ ń yọ síta. Mo tú u, mo tún un hun. Nígbà tí mo wá mọ̀ ọ́n, wúlù ò tó, apá kan ṣoṣo ni ẹyẹ náà ní. Mo kọ lẹ́tà sí wọn lórí íméèlì lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò dáhùn títí di òní.

Ohun tó tọ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ ra pín kuroṣé kan ṣoṣo, 4mm, alúmínì tó ní rọ́bà níbi ìdìmú, £3 ni mo ra tèmi. Ẹ wá ra wúlù DK, ìyẹn èyí tí kò nípọn jù tí kò sì tín-ín-rín jù, tó mọ́lẹ̀ láwọ̀. Stylecraft Special DK ni mo lò, akírílíìkì ni, ìdì kan jẹ́ 100g ó sì gùn tó mítà 295, ẹ lè jù ú sínú maṣíìnì ìfọṣọ, kò ní sún kì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní wúlù àgùntàn ló dáa, ó dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ kéékèèké tó ń da tíì sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ ìdí tí mo fi ń sọ èyí.

Granny square, ìyẹn onígun mẹ́rin kékeré tí wọ́n ń so pọ̀ di nǹkan ńlá, ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹranko. Ṣéènì mẹ́rin, ẹ so ó pọ̀, ìdì trẹ́bù mẹ́ta mẹ́ta yíká rẹ̀, igun mẹ́rin, ó tán. Tó bá bàjẹ́, onígun kan péré ló bàjẹ́. Ìpele mẹ́rin máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ààbọ̀ wákàtí ni mo fi ń hun ọ̀kan.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni mí, ìró òfì ni mo ń jí sí, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin ló ń jókòó ti òfì ní agboolé wa, èmi kàn máa ń ká òwú ni. Nígbà tí mo lọ yan wúlù, ọwọ́ mi lọ síbi àwọ̀ mẹ́ta láìrò ó: àwọ̀ aró tó dúdú bí òru, pupa tó jinlẹ̀, àti àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ díẹ̀. Mo délé kí n tó rí i pé ẹtù, àlàárì àti sányán ni mo kó wálé. Ó wá tún yé mi pé granny square tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá yìí, ìwọ̀n fífẹ̀ aṣọ òfì kan ni, àwọn tín-ín-rín tí wọ́n máa ń hun kalẹ̀ kí aránṣọ tó so wọ́n pọ̀ di ìró tàbí agbádá. Ọgọ́fà ni mo fẹ́ hun, mẹ́wàá níbùú, méjìlá lóròó, bùláńkẹ́ẹ̀tì Àjọkẹ́ ni. Ìdì wúlù méjìlá, bíi £30 lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sí ṣáríti ṣọ́ọ̀bù ẹ lè rí èyí tó dín sí i, mo rí ìdì márùn-ún ní £4 níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Mi ò fúnra mi kọ́ ọ yanjú o. Láíbìrì àdúgbò wa ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Knit and Natter, ọ̀pọ̀ láíbìrì ní Britain ló ní irú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn máa gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín lọ, tíì àti bísíkíìtì wà, híìtà sì ń jó. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, àyà mi já díẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ti Shetland wá, ìyẹn erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi máa ń gbéra lọ láti Aberdeen lálẹ́ tá á dé lówùúrọ̀, ló fa àga sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n gba òwú lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a mọ́ ìka mi bó ṣe yẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún, wàhálà ọ̀sẹ̀ méjì parí. Wọ́n fi súwẹ́tà Fair Isle tí wọ́n ń hun hàn mí, ó ní àwọ̀ bíi mẹ́jọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìlà kọ̀ọ̀kan kì í gba ju òwú aláwọ̀ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi fọ́tò aṣọ òfì màámi hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n fa fọ́tò náà tóbi, wọ́n wọ awò ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè bí ọ̀nà yẹn ṣe wọlé. Ojúlówó aláṣọ ni wọ́n. Mo ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Wednesday tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́, tí mo bá sì fẹ́ fún ibẹ̀ ní máàkì, mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni.

Bá a ṣe ń lò ó nílé báyìí, a ó jẹun tán, a ó pa tẹlifíṣọ̀n, èmi á mú kuroṣé, Àjọkẹ́ á mú kàlíńbà, àbúrò rẹ̀ á máa ká wúlù. Tí ọrùn ọwọ́ mi bá ti rẹ̀, ká pààrọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì bára mu gan-an ni, torí kuroṣé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń rẹ̀, kàlíńbà sì ń na àtàǹpàkò méjèèjì. Ẹ máa dìde na ara yín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ṣá o, tí ọrùn ọwọ́ bá ń ro yín ẹ gbé e kalẹ̀, mo fi ipá ṣe é fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́ ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì ni mi ò lè gbé kẹ́tùlù dáadáa.

Kàlíńbà £19 yẹn, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, àwọn irin ìpẹ̀kun ló gba méjì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Kíìtì yẹn, méjì nínú mẹ́wàá, torí mo ṣì ń lo abẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi £15 yẹn ra pín àti ìdì wúlù mẹ́rin, owó á tún ṣẹ́ kù.

March la wà báyìí, oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Mo ti hun mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́fà. Màámi ti ní àwọn á bá mi wá gbẹ́nàgbẹ́nà tó ṣì ń ṣe agídìgbo, tí bàbá àwọn ọmọ bá lọ sílé ní August á bá mi gbé e bọ̀. Mo ti bi ọkọ̀ òfuurufú léèrè iye tí wọ́n máa gbà lórí àpótí tó tóbi tó yẹn, tó bá dé mo máa sọ bó ṣe rí fún yín.